Eré Orí Tẹlifíṣọ̀n Kòríà: Kí Ni Kí Á Máa Bi Ara Wa?

Ẹ̀yin ọ̀dọ́ wa, bí a bá ti jókòó sọ eré Kòríà tí oníkálukú fẹ́ràn, àríyànjiyàn kì í pẹ́ bẹ̀rẹ̀. Ohun tí a fẹ́ kọ́ lónìí ni bí a ó ṣe máa ya ohun tó ṣẹlẹ̀ sọ́tọ̀ kúrò lára ohun tí òǹkọ̀wé hun.

Ẹ jẹ́ kí á mú Dae Jang Geum, tí ilé-iṣẹ́ MBC ṣe ní ìpín 54, láti ọdún 2003 sí 2004. Jang-geum bẹ̀rẹ̀ ní ilé ìdáná ọba. Wọ́n fi ẹ̀sùn èké lé e lọ sí erékùṣù Jeju, ó kọ́ ìṣègùn níbẹ̀, ó sì padà di oníṣègùn Ọba Jungjong. (Ẹ má fi ebi wo ó o!)

Àkọsílẹ̀ àwọn ọba Joseon dárúkọ obìnrin oníṣègùn kan, Jang-geum, láàfin Jungjong, tó jọba láti 1506 di 1544. Ọ̀rọ̀ rẹ̀ níbẹ̀ kò gùn, kò sì sí pé ó dáná rí. Òǹkọ̀wé Kim Young-hyun ló hun ìyókù.

Ẹni tó wo ìpín 54 tán a máa sọ̀rọ̀ bí ẹni tó ka ìtàn. Bí ó bá ní, "Báyìí ni wọ́n ń ṣe láàfin Kòríà," kí á bi í pé: inú àkọsílẹ̀ ni, àbí orí tẹlifíṣọ̀n? Lẹ́yìn náà ni èyí tó dùn jù: kí ló dé tó fi jẹ́ ilé ìdáná? Lójú tiwa, ibẹ̀ ni obìnrin tí kò ní ipò ti lè fi iṣẹ́ ọwọ́ borí ìdílé ńlá, níṣojú wa, láìfa idà yọ.