Erin-Ìjẹ̀ṣà: Ẹ Má Dúró ní Àjà Kìn-ín-ní

Ọ̀pọ̀ ẹni tó ń lọ wo omi Olúmirin ní Erin-Ìjẹ̀ṣà, ìsàlẹ̀ ni wọ́n ń parí ìrìn sí. Wọn á gun àtẹ̀gùn sìmẹ́ńtì, wọn á dé àjà kìn-ín-ní tí omi ti ń ya lulẹ̀ láti orí àpáta, wọn á wẹ̀, wọn á ya fọ́tò, ó di ilé. Bẹ́ẹ̀, àjà méje ni omi náà ní. Ẹni tí ìdákẹ́jẹ́ẹ́ bá gbé wá, òkè ni kó forí lé.

Ìjọba ìbílẹ̀ Oríadé ní Ìpínlẹ̀ Ọ̀ṣun ni ìlú náà wà, ní ẹ̀bá ààlà Èkìtì. Ẹni tó ń bọ̀ láti Èkó tàbí Ìbàdàn lè wọ mọ́tò Àkúrẹ́ tó ń gba Iléṣà, kó sọ fún awakọ̀ pé oríta Erinmọ lòun ti máa bọ́ọ́lẹ̀, lẹ́yìn Iléṣà. Ọ̀kadà ló kù láti ibẹ̀. Kí àlejò dúnàádúrà kó tó gùn ún, kó sì bá ọlọ́kadà ṣàdéhùn ìgbà tí yóò padà wá gbé e, torí wíwá ọ̀kadà nírọ̀lẹ́ lè di wàhálà.

Ìbẹ̀rẹ̀ òjò, láàrin oṣù kẹrin sí ìkarùn-ún, ló dára jù. Ẹ̀ẹ̀rùn máa ń fa omi gbẹ títí yóò fi tín-ín-rín. Nígbà tí òjò bá sì ti wọlé tán, omi á máa hó yèè, gbogbo ojú ọ̀nà á máa yọ̀. Ṣùgbọ́n kí èèyàn sá fún ọjọ́ Àjíǹde, nítorí ibẹ̀ kì í gba èrò lásìkò ọdún. Òwúrọ̀ ọjọ́ Ìṣẹ́gun tàbí Ọjọ́rú ló dáa.

Láti àjà kìn-ín-ní sí èkejì ni iṣẹ́ ti ń bẹ̀rẹ̀. Sìmẹ́ńtì ti tán. Ilẹ̀ lásán ló kù, ó ga sókè gan-gan, gbòǹgbò igi yọ síta lára rẹ̀. Ọwọ́ á di gbòǹgbò mú, ẹsẹ̀ á máa wá ibi tó le tẹ̀. Àpáta tí ewédò bá bò, kí ẹnikẹ́ni má tẹ̀ ẹ́, bó ti wù kó gbẹ lójú tó. Lẹ́yìn náà, igi á ṣíji bo ọ̀nà, ohùn èrò ìsàlẹ̀ á máa jìnnà, ìrì omi á ti máa ta síni lójú kí ojú tó rí omi gan-an.

Kánfáàsì tí àtẹ̀lẹsẹ̀ rẹ̀ kò tíì pá ni kí wọ́n wọ̀, kì í ṣe sílípáàsì. Báàgì ẹ̀yìn ló yẹ, kí ọwọ́ méjèèjì lè ṣófo. Kí omi mímu, aṣọ ìpààrọ̀, ọ̀rá tí wọ́n máa fi wé fóònù àti owó tí wọ́n máa san lẹ́nu géètì wà nínú rẹ̀. Ẹni tó fẹ́ kọjá àjà kejì, kó gba ọmọ ìlú tó mọ ọ̀nà, kí wọ́n sì fẹnu kò lórí iye kí wọ́n tó gbéra.

Ọ̀rọ̀ òjò ṣe pàtàkì ju gbogbo èyí lọ. Apá Ẹ̀fọ̀n-Aláayè lórí òkè ni omi ti ń ṣàn wá. Oòrùn lè máa ràn ní Erin kí òjò máa rọ̀ lọ́hùn-ún. Bí omi bá ṣàdédé pọ́n, tàbí tó ń ru ewé àti igi bọ̀, kí gbogbo èèyàn jáde nínú rẹ̀ lójú ẹsẹ̀.

Ìtàn ẹnu àwọn ará ìlú sọ pé Akínlà, ọmọ ọmọ Odùduwà, ló kọ́kọ́ rí omi yìí nígbà tí òun àti àwọn èèyàn rẹ̀ ń ṣí bọ̀ láti Ifẹ̀. Ibi ọ̀wọ̀ ló ṣì jẹ́ fún àwọn ará ìlú. Kò bójú mu kí àlejò fi ọṣẹ wẹ̀ níbẹ̀, tàbí kó fi ike àti ọ̀rá sílẹ̀ sórí àpáta.

Ẹni tó bá ní ọjọ́ kejì, kó gba Ẹ̀fọ̀n àti Arámọkọ lọ sí Ìkógósì, níbi tí omi gbígbóná àti omi tútù ti ń pàdé. Ilé ìgbàlejò wà níbẹ̀. Ìpólé-Ìlórò, tí omi Àrìnta wà, kò jìnnà síbẹ̀, èrò tó ń wá síbẹ̀ kò sì tó ti Erin.