Ìrora Àgbà Kì í Ṣe Ohun Ìpamọ́ra

Àgbà púpọ̀ nínú ìjọ wa ń fara da ìrora orúnkún nítorí wọ́n rò pé ẹ̀ṣẹ̀ ni láti wá ìtura. Kò rí bẹ́ẹ̀. Ní oṣù kejì ọdún 1957, Póòpù Pius Kejìlá kọ́ àwọn dókítà pé kò lòdì sí òfin Ọlọ́run láti lo oògùn tí ń mú ìrora rọlẹ̀.

Ẹ̀yin ọmọ, ẹ yé wí pé ogbó ló dé. Ẹ bi wọ́n léèrè: “Màmá, níbo ló ń dùn yín? Ǹjẹ́ ẹ rí oorun sùn?” Oògùn ara ríro tí wọ́n ń kiri nínú mọ́tò (ẹ̀rù rẹ̀ ń bà mí) lè dá egbò sí ikùn àgbà, kí ó sì ba kíndìnrín rẹ̀ jẹ́. Ẹ mú wọn lọ sọ́dọ̀ dókítà, kí ẹ sì kó gbogbo oògùn tí wọ́n ń lò dání, títí kan àgbo.