Fọ́ọ̀mù Bánkì Kì í Ṣe Ìwé Ìpíngún

Ọ̀pọ̀ oníṣòwò ní Old Garage, Òṣogbo, gbà pé ẹni tí àwọn bá kọ sí fọ́ọ̀mù bánkì gẹ́gẹ́ bíi next of kin ni yóò jogún àwọn. Àbúrò bàbá mi tó ń ta aṣọ níbẹ̀ gbà bẹ́ẹ̀. Kò rí bẹ́ẹ̀ lábẹ́ òfin Nàìjíríà. Ẹni tí wọn yóò pè bí nǹkan bá ṣẹlẹ̀ ni, kò ju bẹ́ẹ̀ lọ.

Bí ọkùnrin tó gbéyàwó nílànà ìbílẹ̀ bá kú láìkọ ìwé ìpíngún, ìdí-igi ni àṣà Yorùbá fi ń pín ogún rẹ̀. Nínú ẹjọ́ Dawodu àti Danmole, ìyàwó mẹ́rin àti ọmọ mẹ́sàn-án ni olóògbé fi sílẹ̀. Ní 1962, Privy Council ní Lọ́ńdọ̀nù fọwọ́ sí i pé ọ̀nà mẹ́rin ni kí wọ́n pín in sí. Ẹ wá wo ilé bàbá tiwa: ìyálé bí márùn-ún, ìyàwó kejì bí ẹyọ kan. Ìdajì ni ẹyọ kan yẹn yóò kó, àfi bí olórí ẹbí bá ní kí wọ́n pín in lórí-ò-jorí! Wọ́n ní kí n tún un sọ lẹ́ẹ̀mejì.

Ìwé ìpíngún ló lè yí i padà. Ẹ buwọ́ lù ú lójú ẹlẹ́rìí méjì tó wà níbẹ̀ pọ̀, káwọn náà buwọ́ lù ú lójú yín. Ẹni tí ẹ fún ní ìpín kò gbọdọ̀ ṣe ẹlẹ́rìí, bẹ́ẹ̀ ni ọkọ tàbí aya rẹ̀, kí ìpín náà má baà bọ́. Ilẹ̀ ẹbí kò sì ṣe é há.

Ìwé náà kò níṣẹ́ kankan títí olówó rẹ̀ yóò fi kú. Irú ìtọ́jú tí ẹ fẹ́ lórí àìsàn, ẹ sọ ọ́ fún ará ilé nísinsìnyí.