Má Tíì Ṣí Kọ̀ǹpútà

Ẹni tó bá béèrè ọ̀nà kì í ṣìnà. Àbúrò mi tó fẹ́ lọ kọ́ iṣẹ́ gíráfíìkì, ìbéèrè ló pọ̀ jù nínú iṣẹ́ náà.

Wo àwọn pátákó tó kún ojú ọ̀nà Àgọ́ Palace, ti ilé oògùn, ti hòtẹ́ẹ̀lì, ti ìjọ. Kẹ̀kẹ́ tó o wọ̀ á ti gbé ọ kọjá kó o tó ka ìdajì ohun tí wọ́n kọ sí òmíràn. Nọ́ńbà fóònù, àdírẹ́sì ẹ̀ka mẹ́ta, àwòrán olùdásílẹ̀ àtìyàwó rẹ̀, gbogbo wọn ń du ojú kan ṣoṣo. Ẹni tó ṣe é mọ CorelDRAW dáadáa o! Kò kàn béèrè ibi tí ẹni tó máa kà á yóò wà ni.

Oníbàárà náà ní ẹjọ́ tiẹ̀. Yóò ní, "Ṣe é bó o ṣe fẹ́." Má gbọ́. Bá mi na ọmọ mi, kò dénú ọlọ́mọ. Bi í léèrè: Ta ló máa kà á? Kí ni wọ́n gbọ́dọ̀ kọ́kọ́ rí? Kọ èsì rẹ̀ sílẹ̀, gba àsansílẹ̀, kí ẹ sì fẹnu kò lórí iye ìgbà tó o máa tún un ṣe.

Ní ti ilé ẹ̀kọ́, Yábátẹ́ẹ̀kì kò jìnnà sí yín. Ọdún 1947 ni wọ́n dá a sílẹ̀, Yusuf Grillo tó jẹ́ ògbóǹtarìgì ayàwòrán sì darí ẹ̀ka iṣẹ́ ọnà níbẹ̀ fún ọ̀pọ̀ ọdún. Ọdún 2 ni ND, ọdún 2 ni HND. Ọdún tí wọ́n ń fi ṣiṣẹ́ láàárín méjèèjì ni kó o mú ní òkúnkúndùn. Má lò ó níbi tí wọ́n á ti máa rán ọ lọ ra búrẹ́dì. Lọ bá àwọn tẹ̀wétẹ̀wé ní Ṣómólú. Ibẹ̀ lo ti máa rí búlúù tó ń dán lójú kọ̀ǹpútà tó máa ṣú lórí bébà, torí ìmọ́lẹ̀ ni kọ̀ǹpútà fi ń po àwọ̀, íńkì mẹ́rin ni ẹ̀rọ ìtẹ̀wé ń lò. Ibẹ̀ náà lo ti máa mọ ìdí tá a fi ń lé àwọ̀ kọjá etí ìwé ní mìlímítà 3, kí ọ̀bẹ má bàa fi funfun sílẹ̀. Bó o bá sì ń ṣe ìwé ìpè ìgbéyàwó, fi orúkọ bí Ọ̀ṣuntókun dán fọ́ǹtì rẹ wò. Ọ̀pọ̀ fọ́ǹtì ọ̀fẹ́ ni kò gbọ́ Yorùbá: àmì ohùn á fò kúrò lórí ọ, ṣ á di àpótí òfìfo. Ta ló máa gba káàdì tí wọ́n ti ba orúkọ bàbá ìyàwó jẹ́?

Bí wọ́n bá gé nǹkan kúrò nínú iṣẹ́ rẹ, má bínú. Ẹ̀kọ́ iná mànàmáná ni Táíwò Akínkùnmí ń kọ́ ní Lọ́ńdọ̀nù nígbà tó rí ìpolówó pé kí àwọn èèyàn ya àsíá Nàìjíríà ránṣẹ́. Oòrùn pupa wà láàárín tiẹ̀. Àwọn adájọ́ yọ oòrùn náà. Èyí tó kù la ń ta láti ọjọ́ 1 oṣù Kẹwàá ọdún 1960.

Nínú àkójọ iṣẹ́ tó o máa gbé lọ wá iṣẹ́, fi èyí tí oníbàárà kọ́kọ́ kọ̀ ṣáájú èyí tó gbà, kó o sì kọ ìdí tó o fi yí i padà sábẹ́ rẹ̀. Mẹ́jọ irú ẹ̀ ti tó. Àwọn ìkíni ọjọ́ ìbí tó o fi ń kọ́wọ́, jẹ́ kí wọ́n wà lórí Instagram.