Kí Ẹ Tó Gba Owó Eléèédú Lórí Igi Òrí

Ọ̀rọ̀ tòní kan ẹ̀yin tí ẹ ń dáko ní ìpínlẹ̀ Niger, Kwara, Kebbi, Kaduna àti gbogbo ibi tí igi òrí ń hù sí.

Àsìkò tí a bá ń ṣán oko tuntun ni àwọn eléèédú máa ń wá. Wọ́n á ka owó sí yín lọ́wọ́ lójú ẹsẹ̀, wọ́n á ní igi yẹn ń di oòrùn mọ́ ọkà bàbà yín, àwọn á bá yín gé e kúrò lọ́fẹ̀ẹ́. Owó gidi ni, kò sì sí ẹni tí kò ní ìnáwó nílé. Ṣùgbọ́n ẹ jẹ́ ká ṣírò rẹ̀ ná.

Igi òrí tó hù fúnra rẹ̀ máa ń lò tó ọdún 15 sí 20 kó tó so. Tó bá ti bẹ̀rẹ̀, ó lè máa so fún ọgọ́rùn-ún ọdún àti jù bẹ́ẹ̀ lọ. Ẹ̀ẹ̀kan ṣoṣo ni eléèédú á sanwó. Ẹni tó bá gé e lónìí, tó ní òun á gbin òmíràn dípò rẹ̀, ọmọ rẹ̀ ló ń gbìn ín fún. Lóòótọ́, tí wọ́n bá mú ẹ̀ka igi tó ti ń so lẹ̀ mọ́ ìdí igi kékeré, iye ọdún yẹn máa ń dínkù gan-an. Ilé ìwádìí NIFOR, tó ní ẹ̀ka ní Bida, ni kí ẹ lọ béèrè lọ́wọ́ wọn nípa èyí.

Ní oṣù Ògún 2025, ìjọba àpapọ̀ kéde pé kí ẹnikẹ́ni má ṣe kó kóró òrí tí a kò tíì fún lọ tà nílẹ̀ òkèèrè fún oṣù 6. Wọ́n ní nǹkan bí ìdá 40 nínú ọgọ́rùn-ún kóró òrí ayé ló ń jáde láti Nàìjíríà, síbẹ̀ ìdá kan péré nínú ọgọ́rùn-ún owó ọjà rẹ̀ ló ń tẹ̀ wá lọ́wọ́. Àwọn tó ń fi òrí ṣe ṣokoléètì àti ìpara lókè òkun ló ń jẹ èyí tó pọ̀ níbẹ̀. Kí ilé iṣẹ́ tó ń fún òrí pọ̀ lọ́dọ̀ wa, èrò tó dára ni. Ṣùgbọ́n a ò ní tan yín: nígbà tí àwọn oníbàárà òkèèrè ò bá rà mọ́, tí ilé iṣẹ́ abẹ́lé ò sì tíì tó, àwọn obìnrin tó ń ṣa kóró ni owó ọjà máa ń kọ́kọ́ já mọ́ lọ́wọ́. Tí kóró ò bá sì lówó lórí, ọ̀rọ̀ eléèédú á túbọ̀ wọ àgbẹ̀ létí. Ilé iṣẹ́ tó bá fẹ́ rí kóró rà ní ogún ọdún sí i gbọ́dọ̀ san iye tí igi fi máa níyì ju èédú lọ.

Ẹ wo ohun tó ṣẹlẹ̀ ní Maradi, ní orílẹ̀-èdè Niger, lókè Katsina. Láti ọdún 1983 ni Tony Rinaudo, ará Ọsirélíà, ti ń bá àwọn àgbẹ̀ ibẹ̀ sọ ọ́ pé kí wọ́n má máa gé gbogbo ẹ̀ka tuntun tó ń rú láti ìdí kùkùté dànù. Kí wọ́n ṣẹ́ díẹ̀ kù, kí wọ́n sì tọ́jú rẹ̀. Láàárín ogún ọdún, igi ti padà sórí ilẹ̀ tó tó nǹkan bíi mílíọ̀nù hẹ́kítà 5 ní orílẹ̀-èdè náà. Oko wọn ò di igbó. Ọkà ni wọ́n ṣì ń gbìn sí i.

Lóko tiyín, ẹ fi igi kéékèèké sàmì sí ọmọ igi òrí kí ọkọ́ tàbí katakata má baà kọlù ú. Ẹ ro ìdí igi yíká kí iná ìgbẹ́ tó dé. Àfòmọ́ ni ọ̀tá rẹ̀ gan-an: ẹ gé ẹ̀ka tó bá wà lórí rẹ̀ kí àfòmọ́ náà tó so, torí ẹyẹ ló ń gbé èso rẹ̀ kiri. Tí ibòji bá pọ̀ jù fún ọkà bàbà, ẹ rẹ́ ẹ̀ka ìsàlẹ̀, tàbí kí ẹ gbin ata sábẹ́ rẹ̀.

Èso tó bá já bọ́ fúnra rẹ̀ ni kí ẹ ṣà. Ẹ bó o, ẹ bọ kóró rẹ̀ láàárín ọjọ́ díẹ̀ kó tó bẹ̀rẹ̀ sí í hù, kí ẹ sì sá a sóòrùn. Ẹ má yan án lórí iná, èéfín máa ń bà á jẹ́ lójú oníbàárà. Àpò tí atẹ́gùn ń gbà kọjá, irú èyí tí wọ́n ń kó kòkó sí, ni kí ẹ lò, kì í ṣe ọ̀rá. Ẹ̀yin tí ẹ ń fún òrí fúnra yín, ẹ má da èèpo kóró nù: ó ń jó dáadáa nínú ààrò, igi ìdáná yín á sì dínkù.

Kí òjò tó bẹ̀rẹ̀, ẹ ka igi òrí tó wà lóko yín, kí ẹ kọ iye rẹ̀ sínú fóònù, kí àwọn alábàágbé yín náà sì kọ tiwọn. Ilé iṣẹ́ kì í fẹ́ wá gbé àpò méjì lọ́wọ́ ẹnì kan. Tí ẹ bá kó o jọ tó kún ọkọ̀, ẹ ó lè bá wọn dúnàá dúrà.