Ẹ̀kọ́ Kẹsàn-án: Kò Rì, Òmíràn Ló Bò Ó

Ẹ̀yin àgbẹ̀ àti ẹ̀yin ìyá ọlọ́jà, n kò ní ṣẹ̀ṣẹ̀ máa sọ fún yín bí abẹ́ àpáta ṣe rí. Ọ̀pọ̀ yín ti sá òjò síbẹ̀ rí.

Ihò Eléérú jẹ́ abẹ́ àpáta kan tó wà nínú igbó nítòsí Ìsàrun, kò jìnnà sí Akúrẹ́. (Àwọn ìwé kan kọ ọ́ ní Iwo Eleru. Ẹ má tẹ̀lé wọn. Ihò ni, ihò tó ní eérú.) Ní 1965, awalẹ̀pìtàn Thurstan Shaw àti àwọn òṣìṣẹ́ rẹ̀ gbẹ́ ilẹ̀ ibẹ̀. Òkúta tí àwọn ará àtijọ́ là ṣe irinṣẹ́, tí wọ́n bá níbẹ̀, lé ní ìdajì mílíọ̀nù. Wọ́n tún bá eegun ẹnì kan tí wọ́n sin síbẹ̀ ní nǹkan bí 13,000 ọdún sẹ́yìn.

Báwo ni wọ́n ṣe mọ èyí tó ṣáájú nínú ohun tí wọ́n bá nínú ilẹ̀? Ibí yìí ni kíláàsì tó kọjá ti ṣìnà. Wọ́n ní, "Tíṣà, ohun tó wúwo ló máa ń rì." Rárá o! Kò rì. Òmíràn ló bò ó.

Ẹ wo ààtàn ẹ̀yìnkùlé yín. Ìkarahun ìgbín tí ẹ jẹ lọ́dún tó kọjá wà nísàlẹ̀. Igò tí ọmọ jù lónìí wà lókè. Èwo ló wúwo? Igò ni. Èwo ló wà nísàlẹ̀? Ìkarahun ni. Kò rì. Òmíràn ló bò ó.

Bẹ́ẹ̀ náà ni Ihò Eléérú. Àpáàdì wà lápá òkè. Nísàlẹ̀ pátápátá, kò sí àpáàdì kankan, àfi irinṣẹ́ òkúta kéékèèké. Kì í ṣe pé àpáàdì léfòó o. Àwọn tó kọ́kọ́ gbé ibẹ̀ kò tíì máa mọ ìkòkò ni. Èédú tí wọ́n bá nítòsí eegun náà ni wọ́n gbé lọ yẹ̀ wò, kí wọ́n tó mọ iye ọdún rẹ̀.

Ṣùgbọ́n bí ẹnì kan bá lọ wa ihò síbẹ̀ nítorí owó, tòkè tìsàlẹ̀ ti dàpọ̀ nìyẹn. Bí ẹni fa ìwé ìtàn ya ló rí. Bí ọkọ́ yín bá kan irú irinṣẹ́ òkúta bẹ́ẹ̀ lóko, ẹ má hú u. Ẹ lọ sọ fún baálẹ̀.

Iṣẹ́ ilé: ẹ wo ààtàn yín, kí ẹ kọ orúkọ ohun mẹ́ta. Ti ìsàlẹ̀ ni kí ẹ kọ́kọ́ kọ.