Oorun Tí Wọ́n Ń Fowó Lé

Ọmọ tó ní ìyá òun ò ní sùn, òun náà ò ní fojú ba oorun. Ìyá ló máa ń fi òwe yìí kìlọ̀ fún ọmọ láyé ọjọ́un. Lóde òní, ọmọ ò dúró de ìyá mọ́. Owó ara rẹ̀ ló fi ń ra àìsùn. Ẹ dé ìdí kúlà àwọn tó ń ta omi tútù ní Kìṣí lásìkò ooru, ẹ ó bá Fearless, Predator àti àwọn ohun mímu énájì ẹgbẹ́ wọn lórí yìnyín. Ọlọ́kadà tó fẹ́ gbé èrò lọ sí Ìgbòho ń rà á, alágbàṣe tó ń lọ kọ ebè ń rà á. Mi ò bá àgbà jà. Ọmọ ọdún 14 tó tò sẹ́yìn wọn ni mò ń bá wí, àti àwa tá a bí i.

Ẹ bi í léèrè, yóò ní, "Màámi, ó ń fúnni lágbára ni." Agbára wo? Èròjà tí wọ́n ń pè ní káfíìnì tó wà nínú énájì yìí náà ló wà nínú obì, a sì ti mọ iṣẹ́ obì tipẹ́ ní Òkè-Ògùn. Awakọ̀ òru mọ̀ ọ́n, ọdẹ tó ń ṣọ́ ìlú mọ̀ ọ́n: ẹni tó bá jẹ gbànja lálẹ́, ojú rẹ̀ ò ní í pa dé bọ̀rọ̀. Síbẹ̀, ta ló rí ìyá tó ń há obì fún ọmọ kó tó lọ síléèwé? Obì tiẹ̀ korò, ìkorò rẹ̀ nìkan tó lé ọmọdé sẹ́yìn. Énájì ò korò ní tirẹ̀, ṣúgà ti bo gbogbo rẹ̀. Agolo Red Bull kékeré, 250ml, ní ṣúgà gíráàmù 27, ìyẹn bíi hóró ṣúgà onígun 7. Ẹ ju 7 sínú tíì ọmọ yín níwájú ìyá ọkọ yín, kẹ́ ẹ gbọ́ ohun tí wọ́n máa sọ.

Láti ìgbà tá a bá ti jí títí di alẹ́, ohun kan wà tó máa ń kóra jọ nínú ọpọlọ, òun ló ń sọ fún ara pé ó ti rẹ̀ ẹ́. Káfíìnì á lọ jókòó síbi tí nǹkan yẹn ì bá jókòó sí. Àárẹ̀ ò lọ o. A ò kàn gbọ́ ohùn rẹ̀ mọ́ ni. Èyí tí ọmọ bá sì mu ní agogo 5 ìrọ̀lẹ́, bí ìdajì rẹ̀ lè wà nínú ẹ̀jẹ̀ di agogo 10 alẹ́. Ìyẹn ló ṣe ń bí mi nínú bí òbí bá fọwọ́ ara rẹ̀ ra énájì fọ́mọ nítorí WAEC tàbí JAMB. Ojú oorun ni ọpọlọ ti ń to ohun tá a kà lójúmọ́. Wákàtí 8 sí 10 ló yẹ kí ọmọ ọdún 13 sí 18 fi sùn. Ẹni tó jí kàwé títí agogo 3, tó wá ń tògbé níwájú ìwé ìdánwò, kí ló kà?

Ẹ gbé ìgò énájì kan, ẹ nu omi yìnyín kúrò lára rẹ̀, kẹ́ ẹ yí ẹ̀yìn rẹ̀ síta. Lẹ́tà rẹ̀ tíntìn, ẹ lè ní láti gbé e sínú oòrùn. Lára ọ̀pọ̀ nínú wọn, ilé iṣẹ́ tó ṣe é fúnra rẹ̀ ló kọ ọ́ pé kì í ṣe fún ọmọdé àti aláboyún. Lẹ́yìn náà kẹ́ ẹ wá iye káfíìnì. EFSA, àjọ tó ń mójú tó ààbò oúnjẹ nílẹ̀ Yúróòpù, sọ lọ́dún 2015 pé kí ti ọmọdé àti ọ̀dọ́langba má kọjá 3mg fún kílò ara kọ̀ọ̀kan lóòjọ́. Ọmọ tó wọn kílò 50, 150mg ni òpin tirẹ̀. Red Bull ní 32mg nínú 100ml. Bí ìgò 50cl ọwọ́ yín bá ní irú ìwọ̀n yẹn, 160mg lọmọ gbé mì yẹn, kò tíì mu tíì, kò tíì mu Kóòkì. Ẹgbẹ́ àwọn dókítà ọmọdé ní Amẹ́ríkà ò tiẹ̀ ṣírò ní tiwọn: láti 2011 ni wọ́n ti ní énájì ò láyè nínú oúnjẹ ọmọdé àti ọ̀dọ́. Ẹ̀yìn wọn ni mo wà. Ó ṣòro kí ìgò kan pa ọmọ tí ara rẹ̀ le, àmọ́ àyà ọmọ tí ọkàn rẹ̀ lárùn tá ò mọ̀ lè bẹ̀rẹ̀ sí í lù kìkì.

Ebi kì í wọnú kí ọ̀rọ̀ mìíràn wọ̀ ọ́. Ebi gan-an ló ń pa púpọ̀ nínú àwọn ọmọ tó ń mu énájì kí wọ́n tó roko. Owó ìgò yẹn, ẹ fi ra ẹ̀kọ àti àkàrà fún un, tàbí fúrá àti núnú lọ́wọ́ àwọn obìnrin Fúlàní, kó sì gbé omi dání lọ sóko.

Ní ti pé kí wọ́n da énájì pọ̀ mọ́ ọtí líle, ẹ má gbà á rárá. Ọtí á ti pa ọmọ, káfíìnì ò ní í jẹ́ kó mọ̀, yóò sì máa mu sí i.

Orílẹ̀-èdè Lithuania ní Yúróòpù ti fòfin de énájì láti 2014 pé ẹnikẹ́ni ò gbọ́dọ̀ tà á fún ọmọ tí kò tíì pé 18. Poland náà ṣe bẹ́ẹ̀ ní 2024. Nílẹ̀ wa níbí, ẹni tówó bá wà lọ́wọ́ rẹ̀ ló ń rà á. Owó-orí ₦10 lórí lítà kan tó bẹ̀rẹ̀ ní 2022 ò ju ₦5 lọ lórí ìgò 50cl, kò lè lé ọmọ kankan. Àgbà kì í wà lọ́jà kí orí ọmọ tuntun wọ́. Ẹ̀yin ìyá tẹ́ ẹ ń tà á, ẹ̀yin lòfin tá a ní ládùúgbò.

Ọmọ tó bá ti ń mu énájì lójoojúmọ́, ẹ má já a gbà lójijì. Bí a bá fi ọwọ́ ọ̀tún bá ọmọ wí, à á fi ti òsì fà á mọ́ra. Kó dín in sí ìdajì ìgò fún ọjọ́ mélòó kan, kó tún dín in kù. Orí lè fọ́ ọ lọ́jọ́ kejì, ó sì lè tó ọ̀sẹ̀ kan kó tó tán. Bí ara rẹ̀ bá gbóná, ẹ gbé e lọ fún àyẹ̀wò ibà. Bí kò bá gbóná, omi àti oorun ló ń fẹ́. Bẹ́ ẹ bá sì fẹ́ ra oògùn orí fífọ́, ẹ ka ara páálí náà: hóró Panadol Extra kan ní káfíìnì 65mg nínú.